Dídí Ihò Tí Owó Oògùn Ìjọba Ń Gbà Jò

Owó oògùn kì í sábà sọnù lọ́wọ́ ẹni tó ń pín oògùn. Bí oògùn bá tán ní ilé ìwòsàn ìjọba, nọ́ọ̀sì tó wà lójú fèrèsé ni aláìsàn ń rí bú, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà owó náà ti lọ kí páálí kankan tó wọ ọgbà. Ó ti lọ níbi tí wọ́n ti ń kọ iye oògùn tí wọ́n nílò, níbi tí wọ́n ti ń ṣàpèjúwe ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ rà, tàbí nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yan ẹni tí yóò kó ọjà wá. Ẹni tó bá fẹ́ dí ihò náà ní láti tẹ̀lé oògùn láti orí bébà dé ẹnu aláìsàn, kó sì máa wo ibi tí ọwọ́ kan ṣoṣo ti ń dá ṣe ohun tó yẹ kí ọwọ́ mẹ́ta pín ṣe.

Ọjà ìlera yàtọ̀ sí ọjà mìíràn tí ìjọba ń rà. Bí wọ́n bá da ọ̀dà tí kò dára sójú títì, òjò àkọ́kọ́ yóò tú u ká, gbogbo ayé yóò sì rí i. Ṣùgbọ́n hóró oògùn ibà tí èròjà inú rẹ̀ kò pé jọ èyí tó pé. Ẹni tó gbé e mì kò lè fẹnu tọ́ ọ wò kó mọ̀. Ẹni tó rà á kọ́ ni yóò lò ó, ẹni tí yóò lò ó kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ná an. Àìsàn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fi jẹ́ àwáwí tó rọrùn jù fún ẹni tó fẹ́ fo ìlànà.

Nàìjíríà ti fojú winá ohun tó ń tẹ̀yìn ọjà tí a kò tú wò yọ. Ní 1990, ó lé ní 100 ọmọdé tó kú ní Ìbàdàn àti Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu parasitamọ́ọ̀lù olómi tí diethylene glycol wà nínú rẹ̀, kẹ́míkà olóró tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀ sí èyí tó yẹ kí wọ́n lò. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìjọba dá NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, sílẹ̀. Síbẹ̀, láàárín ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, kẹ́míkà kan náà tún wọ inú oògùn eyín ọmọ ọwọ́, ọmọ 84 ló sì bá a lọ. Ọwọ́ oníṣòwò kẹ́míkà tí kò ní ìwé àṣẹ l'Ékòó ni èròjà náà ti wá. Kì í ṣe gbogbo irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ń fà. Àìbìkítà nìkan tó láti fà á. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń bá wọlé, ìyẹn ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè ìwé.

Òfin tó wà nílẹ̀

Òfin Ríra Ọjà Ìjọba ti 2007 ló de àwọn ilé ìwòsàn tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀; ti Èkó jáde ní 2011. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí èyí tó de òun, nítorí iye owó tí ọ̀gá kan lè dá fọwọ́ sí kò dọ́gba káàkiri.

Nínú òfin àpapọ̀, ìdíje ní gbangba ni ojúlówó ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn, irú bíi ríra lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kan ṣoṣo, ní láti ní ìdí tó tọ́ lábẹ́ òfin. Fún ìdíje abẹ́lé, ìkéde gbọ́dọ̀ wà lára pátákó iléeṣẹ́ tó fẹ́ ra ọjà, nínú ìwé ìròyìn méjì tó ń tà káàkiri orílẹ̀-èdè àti nínú ìwé ìkéde ríra ọjà ìjọba, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí gbèdéke tó pé. Bí gbèdéke bá ti pé ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí àwọn àpò tẹ́ńdà lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n ka orúkọ oníkálukú àti iye tó pè sétí ìgbọ́.

Òfin náà tún sọ pé kí wọ́n pe olùwòye méjì: ọ̀kan láti inú ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó mọ̀ nípa ọjà náà, ọ̀kan láti inú ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Ìpè yìí rọrùn láti gbàgbé, àwọn kan sì ń mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oògùn ni wọ́n fẹ́ rà, ẹgbẹ́ àwọn apòògùn ni kí ìwé lọ bá. Apòògùn tó jókòó níbẹ̀ yóò mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan pé iye tí wọ́n pe amoxicillin kò bá ti ọjà mu. Akọ̀wé tó ń ka iye náà síta lè kà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kó má fura.

Pípín ọjà kan sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè bọ́ sábẹ́ iye tí kò pọn dandan láti kéde, jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin kan náà. Ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní ọdún 5, láìsí ààyè láti fi owó ìtanràn rọ́pò rẹ̀. Láti rí irú èyí mú, ọ́dítọ̀ kò gbọdọ̀ to ìwé ìsanwó gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ nìkan. Kó tún un tò gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọjà, lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí orúkọ agbaṣẹ́ṣe. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n rà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹnì kan náà kò ní í hàn nínú ìwé tí a tò lọ́jọ́ọjọ́. Nínú èyí tí a tò gẹ́gẹ́ bí orúkọ, ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ìyá.

Iye tí a nílò àti irú èyí tí a nílò

Ìwé ìbéèrè oògùn ni ihò àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ń da ti ọdún tó kọjá kọ, tí wọ́n sì ń fi díẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó lè sọ pé iye náà pọ̀ jù. Ohun tí àwọn aláìsàn lò gan-an ni kí wọ́n fi ṣírò. Ká ní ilé ìwòsàn kan pín 1,200 ìdì oògùn ibà láàárín oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n tí oògùn náà tán nílẹ̀ fún oṣù méjì nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n fi pín in, nítorí náà 300 ni wọ́n ń lò lóṣù, kì í ṣe 200. Bí ọjà tí wọ́n fẹ́ rà yóò bá tó oṣù mẹ́fà, tí wọ́n sì fẹ́ fi ti oṣù méjì pamọ́ nítorí ìdádúró, ó di 2,400. Bí 400 bá ṣì wà ní sítọ̀, 2,000 ni kí ìwé béèrè. Ìwé tó bá béèrè 5,000 ní àlàyé láti ṣe kí ó tó kúrò lórí tábìlì.

Bíbéèrè jù kì í ṣe àṣìṣe kékeré. Oògùn tó pọ̀ ju ohun tí à ń lò yóò wà ní sítọ̀ títí ọjọ́ yóò fi kọjá lórí rẹ̀, oògùn tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ sì jẹ́ ibi ìsápamọ́ tó dára fún olè. Wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé 800 ìdì ni wọ́n sun, nígbà tó jẹ́ pé 300 ló jóná, tí 500 ti wọ ọjà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Nítorí náà, kí wọ́n tó sun oògùn kankan, kí NAFDAC mọ̀ sí i, kí wọ́n kà á lójú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ sítọ̀, kí nọ́mbà tó wà lára páálí kọ̀ọ̀kan sì wà nínú àkọsílẹ̀.

Bí iye bá ti tọ́, ọ̀rọ̀ kan irú èyí tí wọ́n fẹ́ rà. Orúkọ èròjà oògùn ni kó wà nínú ìwé, kì í ṣe orúkọ tí iléeṣẹ́ kan fi ń polówó rẹ̀, nítorí ẹni tó bá kọ orúkọ ìpolówó ti yan ẹni tí yóò tà á kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ti oògùn kò le, orúkọ èròjà ti wà nínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémáàní tí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí. Níbi ẹ̀rọ ni wàhálà wà. Àwọn onímàgòmágó kì í kọ orúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀rọ sínú ìwé. Ìwé ìpolówó ẹ̀rọ kan ni wọ́n máa ń gbé síwájú, tí wọ́n á sì dà á kọ: ìbú rẹ̀, ìwúwo rẹ̀, bí ojú díǹgí rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, títí dé ibi tí bọ́tìnì rẹ̀ wà. Ìwé yóò dà bí ìwé onímọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ṣoṣo lágbàáyé ló bá a mu. Ìdánwò rẹ̀ kò le: kí ẹni tó kọ àpèjúwe dárúkọ iléeṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀rọ wọn bá a mu. Bí kò bá lè dárúkọ mẹ́ta, kí ó kọ ìdí tí ohun tó ya àwọn yòókù sọ́tọ̀ fi ṣe pàtàkì fún aláìsàn, kí dókítà tàbí onímọ̀ àyẹ̀wò tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń ra ọjà náà sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀tàn kan wà tó tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Iléeṣẹ́ kan lè fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ, tàbí kó tà á ní ọ̀pọ̀. Inú gbogbo ènìyàn á dùn, wọ́n á ya fọ́tò. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọn yóò rí i pé kẹ́míkà tí ẹ̀rọ náà ń lò kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, pé iye tó bá wù ú ni iléeṣẹ́ náà lè pe lé ìgò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí. Nítorí èyí, iye owó ẹ̀rọ kọ́ ni kí wọ́n fi díje, bí kò ṣe gbogbo owó tí ẹ̀rọ náà yóò ná wọn láàárín ọdún márùn-ún: kẹ́míkà, ẹ̀yà ara rẹ̀, iná, àtúnṣe, ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ ti sọ àwọn ilé ìwòsàn kan di agbowó-òde fún ẹni tó fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Nígbà tí tẹ́ńdà bá dé

Iléeṣẹ́ márùn-ún lè mú tẹ́ńdà wá kí ó sì jẹ́ pé ẹnì kan ló kọ márààrún. Àmì rẹ̀ máa ń wà lójú bébà: àṣìṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan náà nínú ìwé méjì, nọ́mbà fóònù kan náà, ìwé ìdúró báńkì tí nọ́mbà wọn tẹ̀lé ara wọn, tàbí iye tí àwọn tó pàdánù pè tó fi ìdá kan náà gẹ́lẹ́ ga ju ti ẹni tó borí lọ lórí gbogbo ọjà. Kí ìgbìmọ̀ máa tẹ́ àwọn tẹ́ńdà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n má ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Láti 2023, CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ti ní ìwé àkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń fi ẹni tó ni iléeṣẹ́ gan-an hàn. Wíwá orúkọ àwọn tó díje níbẹ̀ kò ju iṣẹ́ òwúrọ̀ kan lọ, ó sì yẹ kó wà nínú fáìlì kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fúnra wọn àti ti mọ̀lẹ́bí wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi wé ti àwọn oníléeṣẹ́; ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn, kó dìde kúrò níbẹ̀ kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà pàjáwìrì ni gbogbo èyí máa ń túká. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 2020, nígbà tí wọ́n ń wá ìbòjú àti aṣọ ìdáàbòbò lójú méjèèjì nítorí kòrónà, ìjọba ṣí ọ̀nà àkànṣe sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ tí mínísítà, aṣòfin tàbí ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba bá dárúkọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga níbẹ̀ dájọ́ pé ọ̀nà àkànṣe náà kò bá òfin mu. Pàjáwìrì lè gé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kù sí ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò yẹ kó gé àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá ra ọ́síjìn lóru láìsí ìdíje ṣì lè kọ ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, iye tó rà á, ẹni tó dárúkọ olùtajà náà, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Lórí iye owó, ìtàn Buenos Aires ní Ajẹntínà tọ́ sí kíkà. Ní 1996, ìjọba ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àkọsílẹ̀ iye tí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba 33 ń ra àwọn ohun èlò kéékèèké tí kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn, ó sì ń fi àfiwé ránṣẹ́ padà sí wọn. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, iye tí wọ́n ń rà wọ́n wálẹ̀ ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ó tún gòkè díẹ̀, bóyá nítorí pé àwọn tó ń ra ọjà rí i pé bébà ń dé ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bi wọ́n. Síbẹ̀, ó fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àtẹ̀yìnwá. Ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá lè ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú bébà kan lóṣù: orúkọ oògùn, iye tí oníkálukú rà á, ẹni tó tà á. UNICEF ti ń tẹ iye tó ń ra abẹ́rẹ́ àjẹsára jáde láti 2011, nítorí náà ti àjẹsára kò nílò àwíjàre kankan.

Ní sítọ̀

Orí ọjà tó dé sítọ̀ ni ọ̀pọ̀ jìbìtì ń parí sí. Wọ́n san owó 100 páálí, 70 ni ọkọ̀ já, sítọ́kípà fọwọ́ sí 100. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ìfọwọ́sí sítọ́kípà yìí gan-an ni gbígbà sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó béèrè ọjà, ẹni tó gba ọjà àti ẹni tó san owó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni mẹ́ta. Ní ilé ìwòsàn kékeré tí òṣìṣẹ́ kò pọ̀, a lè pe ọmọ ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù kan láti wá kà á pẹ̀lú sítọ́kípà, kí àwọn méjèèjì sì jọ buwọ́ lù ú.

Kíkà nìkan kò tó. Kí wọ́n wo nọ́mbà NAFDAC lára páálí, kí nọ́mbà ìpele rẹ̀ bá ti ìwé tó bá a wá mu, kí wọ́n sì wo ọjọ́ ìparí rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó kó oògùn tó ku oṣù mẹ́ta wá lè ti rà á ní ẹ̀dínwó ńlá, kó wá gba owó oògùn tuntun. Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn ni pé ó kéré tán ìdá méjì nínú mẹ́ta ọjọ́ ayé oògùn gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lọ́jọ́ tó bá dé. Lára àwọn oògùn kan, nọ́mbà wà tí èèyàn lè ha jáde, kó sì fi ránṣẹ́ lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. NAFDAC bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní 2010. Ní Uganda, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sára oògùn ìjọba pé kì í ṣe títà. Ẹni tó bá rí i nínú ṣọ́ọ̀bù kò tún ń béèrè ibi tó ti wá.

Káàdì sítọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀gá tó bá wọlé láìròtẹ́lẹ̀ lóṣù, tó mú oògùn márùn-ún, tó kà wọ́n, tó sì fi wọ́n wé káàdì, yóò rí nǹkan tí ìpàdé mẹ́wàá lórí ìwà ọmọlúàbí kò lè fi hàn án.

Ojú fèrèsé àti ẹnu aráàlú

Ìwé iye owó gbọ́dọ̀ wà lára ògiri níbi tí aláìsàn ti lè kà á, ní Yorùbá pẹ̀lú, ohun tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ni kó kọ́kọ́ jáde. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 yà ó kéré tán ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó yìí jẹ́ ti oògùn, àjẹsára àti àwọn ohun èlò ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù tó mọ èyí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí tiwọn rà.

Ṣùgbọ́n kí a má gbójú lé aráàlú ju bó ti yẹ lọ. Nínú ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn 50 ní Uganda, wọ́n kó àwọn ará ìlú àti òṣìṣẹ́ ìdajì àwọn ilé ìwòsàn náà jọ láti jọ yẹ iṣẹ́ wọn wò, ó sì hàn pé níbẹ̀ ikú ọmọ kéékèèké dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn 376, wọn kò rí irú èso bẹ́ẹ̀. Aráàlú lè rí ògiri tí kò ní ìwé àti fèrèsé tí kò ní oògùn. Wọn kò lè rí àpèjúwe ẹ̀rọ tí wọ́n dà kọ nínú ọ́fíìsì.

Agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n rẹ́ jẹ nínú tẹ́ńdà lè kọ̀wé sí ọ̀gá iléeṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15 tó gbọ́ nípa rẹ̀. Bí ìdáhùn ọ̀gá kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè gbé e lọ sí àjọ tó ń bójú tó ríra ọjà ìjọba, BPP, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Fún ẹni tí kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 ni ọ̀nà. Ní oṣù kẹrin 2025, nínú ẹjọ́ tó dá lórí àjọ tó ń gbógun ti àrùn éèdì ní ìpínlẹ̀ Edo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó kọ̀wé kò ní láti sọ ìdí tó fi béèrè. Kí ó dárúkọ ìwé tó fẹ́ gan-an: ẹ̀dà ìkéde, àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí tẹ́ńdà, ìwé àdéhùn, ìwé ìgbàwọlé sítọ̀, ẹ̀rí ìsanwó. Ọjọ́ 7 ni iléeṣẹ́ ìjọba ní láti dáhùn, ó sì lè fi ọjọ́ 7 kún un bí ìwé bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọ́n dákẹ́, ẹni náà ní ọjọ́ 30 láti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, owó ìtanràn ìdíwọ́ tí kò tọ́ sì jẹ́ ₦500,000.